Ànábì Idris, Yanrìn Títẹ̀ àti Àwọn Ọlọ́gbọ́n Ayé Àtijọ́

 

   

Àwọn tí ó ṣètò ìwé yìí ní kí a kọ ìtàn díẹ̀ sínú rẹ̀. Ìtàn bí ilé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní sọnù, nítorí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n jù wá lọ ti wà lórí rẹ̀. Ohun tí àwa fẹ́ kọ ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí wọ́n bi wá níbi tàfúsírì nínú oṣù Ràmádáánì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé Ànábì Idris ni ó kọ́ àwọn àáfà ní yanrìn títẹ̀? Bí Ànábì bá ti ṣe é, kí ló dé tí ẹ fi ń ní kí á má ṣe é?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kan dorí kodò. Àwa náà dákẹ́ díẹ̀ kí á tó dáhùn, nítorí pé bàbá tí ó bí wa, oníyanrìn ni. Nínú owó yanrìn ni ó ti ra wálàá àkọ́kọ́ tí a fi kọ́ kéwú, inú rẹ̀ náà ni ó ti san owó ilé-ìwé girama wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí jẹ́ ti ẹni tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ àwọn bàbá ṣe yẹ̀yẹ́.

OHUN TÍ KÙRÁNÌ SỌ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ibi méjì péré ni Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé ti dárúkọ Ànábì Idris. Èkínní wà nínú Súrà Mariyama, àáyà 56 àti 57, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ fún wa pé olódodo ni, pé Ànábì ni, àti pé Òun gbé e sí àyè gíga. Èkejì wà nínú Súrà àwọn Ànábì, àáyà 85, níbi tí a ti kà á pọ̀ mọ́ Ismaila àti Dhul-Kifl nínú àwọn onísùúrù. Nínú hádíìsì ìrìn òru Ànábì wa, tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ọ̀run kẹrin ni Ànábì Muhammad ti bá Idris pàdé, tí ó sì kí i. Ohun tí ó dá wa lójú nípa rẹ̀ kò ju ìwọ̀nyí lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àwọn onítàn àti àwọn olùtúmọ̀ Kùránì. Wọ́n ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi kálámù kọ̀wé. Wọ́n ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rán aṣọ wọ̀, àti pé kò ní gun abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan láìṣe àfọ̀mọ́ orúkọ Ọlọ́hun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé òun kan náà ni Enọ́kù tí ó wà nínú ìwé àwọn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì, ẹni tí ó jẹ́ bàbá ńlá fún Nuhu. Nínú gbogbo èyí, kò sí yanrìn níbẹ̀. Níbo wá ni yanrìn ti wọlé?

HÁDÍÌSÌ TÍ WỌ́N GBÉ ARA LÉ

Àwọn oníyanrìn ní hádíìsì kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Ó wà nínú ìwé Muslim. Sàábé kan tí ń jẹ́ Mu'awiya ọmọ al-Hakam, láti ìdílé Sulaym, ni ó bi Ànábì wa léèrè nípa oríṣiríṣi ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣe kí Ìsìláàmù tó dé. Ó béèrè nípa lílọ sọ́dọ̀ aláfọ̀ṣẹ. Ànábì ní kí wọ́n má lọ. Ó béèrè nípa fífi ẹyẹ wo rere àti burúkú. Ànábì sọ pé ohun tí wọ́n ń rò sínú ara wọn lásán ni, kí ó má ṣe dá wọn dúró lórí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ó wá béèrè nípa àwọn tí ń fa ìlà sílẹ̀. Ìdáhùn Ànábì ni pé Ànábì kan wà láyé àtijọ́ tí ó ń fa ìlà, àti pé ẹni tí ìlà tirẹ̀ bá bá ti Ànábì yẹn mu, ó ṣe déédé.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ànábì wa kò dárúkọ Ànábì tí ó ń fa ìlà. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn ni ó sọ pé Idris ni. Àwọn mìíràn sọ pé Dáníẹ́lì ni. Ìmáámù Nawawi, tí ó kú ní ọdún 1277, ṣàlàyé hádíìsì yìí lọ́nà tí ó yanjú: ìyọ̀ǹda tí ó wà nínú rẹ̀ so mọ́ pé kí ìlà bá ti Ànábì yẹn mu, kò sì sí ọ̀nà kankan tí a lè gbà mọ̀ pé ó bá a mu. Níwọ̀n ìgbà tí a kò lè mọ̀, kò tọ́ kí á ṣe é. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan sọ fún yín pé ẹ lè wọ ilé òun bí ẹ bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ náà sì ti bá ẹni tí ó ni ín wọ sàréè. Bí ẹ bá wá já ilẹ̀kùn wọlé, ẹ kò lè sọ pé onílé ni ó gbà yín láyè.

Ibn Khaldun, onítàn ńlá tí wọ́n bí ní ìlú Tunis ní ọdún 1332, tí ó sì kú ní Káírò ní ọdún 1406, tún sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé Mukadima tí ó kọ ní ọdún 1377. Ó ní àwọn oníyanrìn a máa so iṣẹ́ wọn mọ́ Ànábì Dáníẹ́lì tàbí Ànábì Idris, gẹ́gẹ́ bí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni kí á dì mú, nítorí òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn ìtàn yìí. Alágbẹ̀dẹ a sọ pé Ànábì Dáwúdà ni baba òun, nítorí Ọlọ́hun rọ irin fún un. Káfíńtà a sọ pé Ànábì Nuhu ni, nítorí ó kan ọkọ̀. Télọ̀ a sọ pé Idris ni. Iṣẹ́ tí kò bá ní baba a máa wá baba, baba ńlá ni yóò sì wá.

BÍ IDRIS ṢE DI HERMES

Ìtàn tí ó wà ní ìdí èyí gùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n. Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn ará Gíríìkì àti àwọn ará Íjíbítì ní ọlọ́gbọ́n kan nínú ìtàn wọn tí wọ́n ń pè ní Hermes, ẹni tí wọ́n kà sí ìlọ́po mẹ́ta nínú títóbi. Wọ́n ní òun ni ó kọ́kọ́ mọ ìràwọ̀, oògùn, àti bí a ṣe ń sọ òjé di wúrà. Wọ́n kọ ìwé púpọ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sí i lára. Wọ́n tún ní olùkọ́ kan fún un tí wọ́n ń pè ní Agathodaimon. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Bàgídáádì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìwé àwọn Gíríìkì sí èdè Lárúbáwá, Hermes bá ìwé wọlé.

Ìlú kan wà tí ń jẹ́ Harran, nínú ilẹ̀ tí ó di Túrkì lóde òní. Àwọn ará ibẹ̀ kan ṣì ń bọ ìràwọ̀ nígbà tí gbogbo àyíká wọn ti di Mùsùlùmí. Ibn al-Nadim, ọ̀gá òǹtàwé ní Bàgídáádì tí ó ṣe àkójọ orúkọ àwọn ìwé ní ọdún 987, gba ìtàn kan sílẹ̀ nípa wọn. Ó ní Kálífà al-Ma'mun ń kọjá lọ sí ogun Róòmù ní nǹkan bí ọdún 830, ó rí wọn, ó sì béèrè ẹ̀sìn wọn. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, wọn kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, wọn kì í ṣe Júù. Kálífà ní kí wọ́n yan ẹ̀sìn kan tí Kùránì mọ̀ kí òun tó padà dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun yóò pa wọ́n. Àgbà kan nínú ìlú wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n pe ara wọn ní Sábíì, nítorí orúkọ yẹn wà nínú Kùránì, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí àwọn Sábíì jẹ́ dájú. Wọ́n gba ìmọ̀ràn náà. Al-Ma'mun kú ní ọdún 833, kò padà gba ibẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ pé Hermes àti Agathodaimon ni ànábì àwọn. Orúkọ ni ó gbà wọ́n sílẹ̀.

A kò sọ èyí láti fi ẹ̀gàn kan àwọn ará Harran. Láàárín wọn ni Thabit ọmọ Qurra ti jáde, ẹni tí ó kú ní ọdún 901, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ ìṣirò jù lọ ní àkókò rẹ̀. Ìmọ̀ rere lè ti ibikíbi wá. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni bí orúkọ ànábì ṣe lè di aṣọ tí a fi bo ohun tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó wá so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ gírígírí ni Abu Ma'shar, awòràwọ̀ tí ó kú ní ọdún 886. Ó kọ ọ́ pé Hermes mẹ́ta ni ó wà. Èkínní gbé ní òkè Íjíbítì kí ìkún omi Nuhu tó dé. Òun ni ó mọ̀ pé omi ń bọ̀, tí ó sì gbẹ́ gbogbo ìmọ̀ sára ògiri ilé òkúta kí ó má bàa parun. Abu Ma'shar sọ pé òun ni àwọn Júù ń pè ní Enọ́kù, tí àwọn Lárúbáwá sì ń pè ní Idris. Èkejì gbé ní Bábílónì lẹ́yìn ìkún omi. Ẹ̀kẹta jẹ́ oníṣègùn ní Íjíbítì. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ara wọn. Bí ìwé kan bá wà tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́, ìwé ìràwọ̀ ni o, ìwé wúrà ni o, ìwé tírà ni o, wọn a ní Hermes ni, Hermes sì ni Idris.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà gbà á. Shihabuddin Suhrawardi, ẹni tí ó kọ ìwé ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ní ọdún 1186, pe Hermes ní baba àwọn ọlọ́gbọ́n, ó sì ní òun ń jí ọgbọ́n rẹ̀ àti ti àwọn ọlọ́gbọ́n Páṣíà àtijọ́ dìde. Nígbà tí ó di ọdún 1191, wọ́n pa á ní ìlú Aleppo. Ọmọ nǹkan bí ọdún 36 ni. Àwọn kan ń ṣàánú rẹ̀ títí di òní, àwọn kan sì ní ó ti ré ààlà kọjá. Ìdájọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ní ọdún 1614, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Isaac Casaubon yẹ ìwé Gíríìkì tí wọ́n ní Hermes kọ wò fínnífínní. Ó rí i pé èdè inú rẹ̀ kì í ṣe ti ayé Nuhu rárá. Ó fi hàn pé lẹ́yìn Ànábì Ísà ni wọ́n kọ wọ́n. Ìwé tí wọ́n ní ó ti wà kí ìkún omi tó dé, ọmọ àná ni.

ỌNÀ TÍ YANRÌN GBÀ DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Nínú ìwé àwọn oníyanrìn, wọ́n máa ń to orúkọ àwọn olùkọ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n ní Màláíkà Jibrilu ni ó kọ́ Idris. Láti ọ̀dọ̀ Idris, ó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́gbọ́n ará Íńdíà kan tí ń jẹ́ Tumtum. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Khalaf ará Bábérì, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ al-Zanati, tí orúkọ tirẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé kan ní Áfíríkà ti Àríwá. Bí a bá wo ìlà orúkọ yìí pẹ̀lú ojú hádíìsì, a ó rí i pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láàárín Idris tí ó ṣáájú Nuhu àti al-Zanati tí ó wà láyé Ìsìláàmù, ènìyàn díẹ̀ péré ni wọ́n kà. Bí ẹnìkan bá mú hádíìsì wá pẹ̀lú irú ìlà bẹ́ẹ̀, ọmọ kéwú tí kò tíì sùnkún kúrò nílé olùkọ́ pàápàá yóò dá a padà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ìlànà. Oníyanrìn yóò fi ìka tẹ ojú yanrìn ní ìlà-ìlà láì ka iye. Yóò wá pa wọ́n ní méjì-méjì. Ohun tí ó bá kù ní òpin ìlà, ọ̀kan ni tàbí méjì. Ìlà mẹ́rin ni ó ń di àmì kan. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà kọ̀ọ̀kan kò lè jẹ́ ju ọ̀kan tàbí méjì lọ, àmì tí ó lè jáde jẹ́ 16, kò lè dín, kò lè lé. Wọn a tẹ àmì mẹ́rin àkọ́kọ́, wọn a pè wọ́n ní ìyá. Láti ara ìyá ni wọ́n ti ń fa ọmọ mẹ́rin yọ, láti ara gbogbo wọn ni mẹ́rin mìíràn ti ń jáde, títí wọn yóò fi dé orí ẹlẹ́rìí méjì àti adájọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15. Ìṣirò ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò jẹ́rìí sí i pé ọpọlọ ni wọ́n fi ṣe é.

Iṣẹ́ yìí rìn jìnnà. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ idẹ kan wà tí Muhammad ọmọ Khutlukh, ará Mosul, ṣe ní ọdún 639 Híjírà, èyí tí í ṣe 1241 sí 1242. Ẹni tí ó bá yí àwọn ojú rẹ̀, àmì yanrìn ni yóò máa jáde. Wọ́n túmọ̀ ìwé yanrìn sí èdè Látìnì ní Yúróòpù láàárín ọdún 1100 sí 1200. Ó dé erékùṣù Madagásíkà, wọ́n ń pè é ní síkídì níbẹ̀. Ó gba aṣálẹ̀ kọjá dé ilẹ̀ Haúsá, Núpé àti ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ilẹ̀ wa, ó bá ẹnìkan tí ó jọ ọ́ pàdé. Ifá náà ní ojú odù 16. Ìlà mẹ́rin ni odù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tàbí méjì ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn babaláwo ń pè ní Ogbè, tí í ṣe ọ̀kan lọ́nà mẹ́rin, òun ni oníyanrìn ń pè ní Tàríkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀nà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀yẹ̀kú, tí í ṣe méjì lọ́nà mẹ́rin, òun ni oníyanrìn ń pè ní Jamáà, àpéjọ. Bí a bá sọ odù 16 di ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 256, iye tí gbogbo babaláwo mọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní láti ara yanrìn ni Ifá ti jáde, àwọn mìíràn ní rárá, Ifá ti wà láyè ara rẹ̀. A kò ní dá sí ìjà wọn. Ohun tí gbogbo ènìyàn rí ni pé àwọn méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, gba ìtàn kan sílẹ̀ tí ó kan ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí. Ó ní ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Setilu, ọmọ ilẹ̀ Núpé, afọ́jú láti inú ìyá rẹ̀ wá, ni ó mú Ifá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Òkúta wẹ́wẹ́ 16 ni ó fi ń ṣe é. Àwọn Mùsùlùmí lé e kúrò ní ìlú rẹ̀, ó sì rìn káàkiri kí ó tó fi Ifẹ̀ ṣe ibùgbé. Kì í ṣe gbogbo babaláwo ni ó gba ìtàn yìí, nítorí Ọ̀rúnmìlà ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ti rí: àwọn kan ní Idris, àwọn kan ní Setilu, àwọn kan ní Ọ̀rúnmìlà. Àmì 16 kan náà ni, baba mẹ́ta ni.

OHUN TÍ ÈSÌẸ́ KỌ́ WA

A kò gbọdọ̀ rò pé àwọn ará òkèèrè nìkan ni ó máa ń ṣe èyí. Ní Èsìẹ́ tí ó wà nítòsí wa yìí, ère òkúta tí ó lé ní 800 wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, àwọn kan di ohun ìjà mú, àwọn kan ní ilà lójú. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé àwọn ìjọ CMS, ni ó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa wọn ní ọdún 1933. Ní ọdún 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àlejò ni wọ́n, pé ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti ìlú, tí wọ́n sì di òkúta. Àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ sọ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ènìyàn kò fẹ́ràn àyè tí ó ṣófo. Bí ó bá bá iṣẹ́ ńlá tí kò mọ ẹni tí ó ṣe é, yóò fi ìtàn dí i. Sultan Muhammad Bello ti Sókótó pàápàá, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1812, so àwọn Yorùbá mọ́ ìran Nimurudu ní ìlà oòrùn. Johnson gba ìtàn Lámúrúdu sílẹ̀, ó ní Mẹ́kà ni wọ́n sọ pé ó ti jọba. Kò sí ibi nínú pé kí á fẹ́ràn ìtàn. Ibi tí ewu wà ni kí á gbé ìtàn lé orí ànábì Ọlọ́hun, kí á wá máa fi orúkọ rẹ̀ gbowó, kí á sì máa fi ṣe ìdájọ́ láàárín ọmọ ènìyàn.

ÀWỌN ỌLỌ́GBỌ́N TÍ ỌLỌ́HUN FÚNRA RẸ̀ SỌ FÚN WA

Bí ó bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ ni ọkàn wa ń fẹ́, Kùránì kò fi wá sílẹ̀ ní òfo. Lukman ní súrà odidi. Ọ̀pọ̀ àwọn àáfà ńlá gbà pé kì í ṣe ànábì. Wọ́n ní ènìyàn dúdú ni, láti ìhà Nubia tàbí Abisíníà, ẹrú ni tẹ́lẹ̀, káfíńtà ni àwọn kan sì pè é. Ìtàn rẹ̀ kan tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ kéwú ni pé ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó pa àgùntàn, kí ó mú ẹ̀yà méjì tí ó dára jù wá. Ó mú ahọ́n àti ọkàn wá. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀gá ní kí ó mú ẹ̀yà méjì tí ó burú jù. Ó tún mú ahọ́n àti ọkàn wá. Nígbà tí Ọlọ́hun ń ròyìn ọgbọ́n Lukman, kò sọ fún wa pé ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ìmọ̀ràn tí ó gba ọmọ rẹ̀ ni Ó sọ: kí ó má fi nǹkan kan ṣe orogún Ọlọ́hun, kí ó ṣe dáadáa sí òbí, kí ó kírun, kí ó ní sùúrù, kí ó má gbéra ga, kí ó rẹ ohùn sílẹ̀. Òpin súrà kan náà ni Ọlọ́hun ti ka àwọn ohun tí Òun nìkan mọ̀: ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, òjò, ohun tí ó wà nínú ilé ọmọ, ohun tí ènìyàn yóò ṣe lọ́la, àti ilẹ̀ tí yóò kú sí.

Ẹnìkejì ni ìránṣẹ́ Ọlọ́hun tí Ànábì Músá tẹ̀lé nínú Súrà Kahafi, tí hádíìsì pè ní Khidr. Ó mọ ohun tí ó pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ fún Músá pé òun kò ṣe é láti ọwọ́ ara òun. Ọlọ́hun ni ó fi mọ̀ ọ́n. Bí Músá tí í ṣe ànábì ńlá kò bá lè mọ̀ ọ́n, àwa tí a fi ìka tẹ yanrìn ńkọ́?

Ọ̀RỌ̀ BÀBÁ WA

A sọ níbẹ̀rẹ̀ pé bàbá wa tẹ yanrìn. Ọmọ kékeré ni wá nígbà tí ìyá kan ní àdúgbò gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá. Ara ọmọ náà gbóná, ó ń wú ikọ́, ara rẹ̀ sì sú. Bàbá wa tẹ yanrìn. Àdájọ́ inú yanrìn sọ pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀, láti inú ilé. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe sàráà, wọ́n kọ hàǹtú fún ọmọ náà mu. Ilé ìwòsàn kò ju ìrìn wákàtí kan lọ. Ọjọ́ kẹfà ni ọmọ náà kú. Ìyàwó àgbà ilé náà ni gbogbo ènìyàn ń wò. Kò sí ẹni tí ó lù ú, kò sí ẹni tí ó lé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí ó fi kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀.

Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ ẹlòmíràn ṣe irú àìsàn kan náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìgbóná eéyi ni, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì yè. Bàbá wa gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kò jẹun. Ní òwúrọ̀ ó gbé ọpọ́n yanrìn jáde, ó da yanrìn inú rẹ̀ sídìí igi orógbó ẹ̀yìn ilé. Ó rìn lọ sí ìlú tí ìyàwó àgbà yẹn wà, ó kúnlẹ̀ fún un. Ẹni tí ó mọ bàbá wa yóò mọ̀ pé kò kúnlẹ̀ fún ènìyàn rí. Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan, àfi pé ó bu omi fún un mu.

Láti ọjọ́ náà, kéwú nìkan ni bàbá wa ń kọ́ àwọn ènìyàn títí ó fi jáde láyé. Owó kò tó mọ́. A jẹ ẹ̀bà tí kò ní ẹran fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí á máa sọ ìtàn yìí fún àwọn ènìyàn. Ó ní: "Èmi ni mo tẹ yanrìn. Idris kò bá mi tẹ̀ ẹ́." Kí Ọlọ́hun forí jì í, kí Ó sì forí ji obìnrin náà àti ọmọ náà, kí Ó jẹ́ kí wọ́n pàdé ní àyè tí kò ti sí ẹ̀sùn mọ́.

ÌDÁHÙN ÌBÉÈRÈ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ WA

Nítorí náà, ìdáhùn wa fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni èyí. Ànábì Idris jẹ́ òtítọ́, Kùránì ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Hermes jẹ́ ìtàn àwọn Gíríìkì. Àwọn ènìyàn ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀, a sì mọ ìgbà tí wọ́n so wọ́n pọ̀. Yanrìn jẹ́ ìṣirò tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ọpọlọ wọn gbé kalẹ̀, a lè kọ́ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Ṣùgbọ́n kí á máa fi ṣe ìdájọ́ lórí ọmọ tí ń ṣàìsàn, lórí ìyàwó ilé, lórí ẹni tí a fẹ́ fi ọmọ fún, kí á sì ní Ànábì kan ni ó kọ́ wa, ìyẹn ni a ń kọ̀.

Ẹ̀yin jamáà, ẹ̀yin bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ìsàlẹ̀ ọjọ́ òní, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní. Ohun tí ó ń mú àáfà tẹ yanrìn kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Ebi wà níbẹ̀. Ẹni tí ìlú bá gbé ọmọ rẹ̀ lé lọ́wọ́ pé kí ó kọ́ ọ ní Kùránì, tí ìlú kò sì bọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ yóò wá nǹkan ṣe. Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori, tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952 kí ó tó gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955, àti Sheikh Kamaludeen al-Adabi, tí ó dá ẹgbẹ́ Ansarul Islam sílẹ̀ ní Ìlọrin ní ọdún 1942, fi hàn wá pé ilé-kéwú tí ó ní àga, ìwé àti owó oṣù fún olùkọ́ lè yí gbogbo ilẹ̀ kan padà. Bí ẹ bá ń dá owó lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá a fún òrùlé àti kúpọ́là nìkan. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún yàrá ìwé àti fún ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé láti ara ogbó tí ó mọ̀nà ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde, àdá tí ó ń ṣáájú, tí ó ń la ọ̀nà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí mọ́ṣáláṣí yìí la ọ̀nà fún àwọn ọmọ wa. Kí Ó gba iṣẹ́ yín, kí Ó ṣàánú àwọn tí ó ti ṣáájú wa lọ, kí Ó má sì jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ wa lójú. Àmín.